Ṣòkòtò Tí Orúnkún Rẹ̀ Mọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun fẹ́ parí ìjà láàárín ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́, màá ní kó jọ̀ọ́, kó jókòó sílé rẹ̀. Èmi fẹ́ ọ̀kan, mo sì bá èkejì jáde láti inú ìyá kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbọ́ ariwo wọn. Ìgbà tí wọ́n wá rẹ́ ni ilé mi tú.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni ọkọ mi àti bọ̀ọ̀dá mi jọ ń ṣe. Ọkọ mi ló ń wọ inú kànga, torí ara rẹ̀ fúyẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń dúró lókè, tó ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó sì ń fa erùpẹ̀ jáde. Kí ọkọ mi tó wọlẹ̀ láàárọ̀, á kúnlẹ̀ sẹ́nu kànga, á gbàdúrà títí yóò fi rẹ ẹni tó ń wò ó. Bọ̀ọ̀dá mi á ti dé ṣáájú rẹ̀, á ti na okùn sílẹ̀, á sì ti fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí, bí ìgbà tí ìyá ń wá iná lórí ọmọ. Ó ní ohun tó lè já ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́, pé òun ò rí Ọlọ́run tó ń fa ẹnikẹ́ni jáde nínú kànga.

Olórúnkún ló ń pe ọkọ mi, torí orúnkún ni ṣòkòtò rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ ya. Èmi tí mò ń ránṣọ ni mo ń lẹ̀ ẹ́. Mo máa ń bi ọkọ mi bóyá Ọlọ́run kì í gbọ́ tẹni tó bá dúró.

Nígbà kan, eré náà di ìjà. Ọkọ mi ń gbàdúrà lọ́wọ́, bọ̀ọ̀dá mi ń dáhùn àmín bí ọ̀mùtí, ni ọkọ mi bá sọ níwájú oníbàárà pé iná ọ̀run ń dúró de àna òun. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Okùn ni wọ́n ń fà síra wọn bí odi. Bí ọ̀kan bá ní ọ̀rọ̀, èmi ló ń rán. Ó sú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni bọ̀ọ̀dá mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń ránṣọ, ó ní òun ṣe àṣejù. Ọkọ mi ní òun náà ò ṣe dáadáa. Wọ́n jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Inú mi dùn débi pé mo fi omijé sùn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ń súfèé jáde nílé.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi wá pè mí. Okùn ti já. Ọkọ mi ò tíì wọlẹ̀ jìnnà tó fi já, ó sì jù ú sórí àpáta ìsàlẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní inú ló ti bàjẹ́, pé kí n kàn dúró tì í. Nọ́ọ̀sì kó aṣọ tí wọ́n gé kúrò lára rẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, orúnkún ṣòkòtò ni mo kọ́kọ́ wò. Ibi tí mo lẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ bó bá ti kúnlẹ̀ sẹ́nu kànga, ilẹ̀ pupa kì í ṣàì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tó ṣì ń ṣubú.

"Mi ò kúnlẹ̀ lónìí," ó ní. "Mo fẹ́ fi mú inú bọ̀ọ̀dá rẹ dùn ni. Ọlọ́run ti jù mí sílẹ̀."

Mo ní Ọlọ́run kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Ọkùnrin tó ń gbàdúrà fún gbogbo àdúgbò wá ń gbọ̀n bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ síta. Mo ti mọ̀ pé yóò kú. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá ń fẹ́ ni pé kó má fi ẹ̀rù yẹn kú.

Bọ̀ọ̀dá mi dúró nídìí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ pupa dé ìgunpá rẹ̀. Ó ní kì í ṣe Ọlọ́run, òun ni. Ó ní òun rí okùn náà láàárọ̀, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ wò, pé bí Olórúnkún bá jáde nírọ̀lẹ́, òun á sọ fún un pé òun náà ti gba nǹkan kan gbọ́ láìwò ó. Ó ní ẹ̀yìn ìgbà tó já lòun tó rí ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Kò wo ojú mi bó ti ń sọ ọ́, èmi àbúrò rẹ̀.

"Mi ò fọwọ́ kàn án," ó ní. "Má bá Ọlọ́run jà. Èmi ni kó o bá jà."

Ọkọ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí di òní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ nítorí mi. Ẹ ò lè má fọwọ́ kan okùn. Ṣé àdúrà nìkan lẹ rò pé mo fi ń wọ inú ihò yẹn? Ọwọ́ yín ni mo gbójú lé."

Bọ̀ọ̀dá mi búra. Ó fi ojú rẹ̀ búra, ó fi ìyá wa búra. Nígbà tí kò rí ohun tó kù mọ́, ó fi Ọlọ́run búra, ìyẹn ló sì bà á jẹ́ pátápátá. Ọkọ mi mi orí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, kò fi Ọlọ́run búra rí, irọ́ ńlá nìkan ló lè gbé e dé ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á gbọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó ń tọrọ àforíjì nítorí orúnkún tí kò kan ilẹ̀, títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

A sin ín. Mo kórìíra bọ̀ọ̀dá mi, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ mi. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé ní gbogbo àárọ̀ tí ọkọ mi bá ti kúnlẹ̀, ọkàn òun máa ń balẹ̀ díẹ̀ sí i bí òun ti ń tú okùn sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún un.

Mo tẹ̀ lé e dé ibojì láàárọ̀ àná. Òun tó máa ń ní òkú ti di erùpẹ̀, pé kò sétí tó ń gbọ́ mọ́, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun ò fọwọ́ kan okùn náà, kó jọ̀ọ́ kó gba òun gbọ́. Nígbà tó dìde, ilẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé o rò pé ó gbọ́?" ó bi mí.

Èmi tí mo ti ń gbàdúrà láti kékeré, mo ní mi ò mọ̀.