Ìwé Pélébé Inú Àpò Tíṣà

Ọdún méjìlá ni obìnrin yìí ti fi ń wo ọpọlọ eku lábẹ́ maikirosikóòpù, awò tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá, débi pé Aláwò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ nínú ọpọlọ ló ń wò. Gílíà ni tirẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bọ́ àwọn oníṣẹ́ náà, tó ń gbálẹ̀ fún wọn, tó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ẹ̀kọ́ lè dúró lórí ẹni. Ọkọ rẹ̀, tíṣà ìṣirò, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyẹn ni pé ìyá olóúnjẹ iléèwé náà ń kọ́ni."

Nígbà tí orí ń fọ́ Tíṣà tí kò dáwọ́ dúró, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n bá kókó níbẹ̀. Dókítà ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ tí Aláwò ti ka orúkọ àìsàn náà lórí ìwé. Gílíà náà ló ń pọ̀ sí i láìníjàánu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ìwọ̀n tí wọ́n lè gé. Tíṣà padà délé, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ ìsọdipúpọ̀ dé orí méjìlá, àmọ́ ohun tuntun kò dúró lórí rẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni bu omi sínú apẹ̀rẹ̀.

"Kí ló ṣe orí mi?" ni yóò bi í láàárọ̀. Aláwò á ṣàlàyé, ojú Tíṣà á fà ro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Kó tó jẹun tán, á tún bèèrè.

Lọ́jọ́ kan tí Aláwò ń kánjú, ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n sinmi?"

"Má bínú," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Láti ọjọ́ kejì, kò bèèrè mọ́. Á fọwọ́ kan àpá orí rẹ̀, á wo ìyàwó rẹ̀, á yíjú sí fèrèsé. Inú Aláwò dùn. Ó rò pé ẹ̀kọ́ ti ń dúró. Àfi ìgbà tó fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà tó bá ìwé pélébé kan lápò àyà rẹ̀, tí kíkà lákàtúnkà ti mú kó gbó. Tíṣà ló kọ ọ́, gàdàgbà bí ìkọ̀wé ojú pátákó: "Mi ò gbọdọ̀ bi ìyàwó mi ní ohun tó ṣe mí. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Aláwò mú un tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Tíṣà wò ó títí. "Ìkọ̀wé mi nìyí. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Èmi ni mo ṣẹ̀ yín." Ó fa ìwé náà ya. "Ẹ bi mí."

"Kí ló ṣe orí mi?"

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò dúró de ìbéèrè mọ́. Bí Tíṣà bá ti lajú, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á sọ ọ́, wọn á jọ sunkún díẹ̀, kó tó lọ gbé oúnjẹ wá. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, àlàyé náà kò yé Tíṣà mọ́, àmọ́ kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fa ọwọ́ yọ títí tó fi sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá Aláwò ní kó fi ọpọlọ sílẹ̀, kó máa wo ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọpọlọ náà ni n ó máa wò."

Ó jókòó, ó fojú sí awò. Omijé kò jẹ́ kó rí nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.