Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Corinne

Corinne Halvorsen, olójú lórí ìka, afọwọ́kàwé bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tí kò rí oòrùn rí tó sì mọ ìgbà tó wọ̀. Láti inú ìyá rẹ̀ ni kò ti ríran. Ilé ìwé kan ní ìlú Duluth fẹ́ gbà á kó máa kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ní ìwé kíkà. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù, orí kọ̀ǹpútà ni yóò sì ti ṣe é, nílé. Bí kò bá yege lónìí, ẹlòmíì ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún lọ́jọ́ Ajé.

Wendell ọkọ rẹ̀ gbé kọfí ka iwájú rẹ̀. "Tíṣà àgbà! Bó o bá yege, èmi ni kó o kọ́kọ́ kọ́."

"Olódo bíi tìẹ? Jáde jàre, wọn ò fẹ́ rí ẹlòmíì níbí."

Kọ̀ǹpútà náà ní ohùn kan tó máa ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè. Ohun tí Corinne fi ń ka ojú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ohùn náà ka ìbéèrè àkọ́kọ́: báwo la ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ tí kò ní yọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan sílẹ̀? Corinne rẹ́rìn-ín. Kó tó dáhùn, gbogbo nǹkan dúró. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ni ìdánwò fi ń ṣọ́ ọ láti inú kámẹ́rà ti gbọ́ ohùn. Ó ní ẹnì kan ń kọ́ ọ ní ìdáhùn.

Corinne pe àwọn tó ni ìdánwò. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Darren ló gbé fóònù.

"Ẹ má bínú, mà. Ta ló wà pẹ̀lú yín?"

"Kò sẹ́nì kankan. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á fún mi. Afọ́jú ni mí, mo sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín látoṣù tó kọjá."

"Mo rí i níbí, mà. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ò mọ ohùn kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí téèyàn. Àfi kẹ́ ẹ pa ohùn náà."

"Kí n pa á? Ṣé ẹ máa ń ní kí olójú di ojú ẹ̀ kó tó kàwé ni?"

Darren mí kanlẹ̀. "Ó yé mi, mà. Ọwọ́ mi ni ò tó o. Tẹ́ ẹ bá sì jáde nínú ìdánwò báyìí, wọ́n á ní ẹ jíwèé wò, ẹ ò ní lè ṣe é mọ́ láéláé."

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; ẹ̀rọ yìí kò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan.

Wendell ké láti ẹnu ọ̀nà: "Jẹ́ kí n kà á fún ẹ!"

"Pa ẹnu ẹ dé! Wọ́n á ní mo jíwèé!"

Ó gbàdúrà sínú: Bàbá, ìwọ tó dá etí, gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló pa ohùn náà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó kọjú síbi tó gbà pé kámẹ́rà wà, ó sì ń tẹ lẹ́tà tọ́wọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà, sí ìbéèrè tí kò gbọ́ ohun tó wí. Ẹ̀rọ náà kò dá a dúró mọ́. Omijé ń ṣàn sínú kọfí tó ti tutù. Ẹ̀rọ kò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tí àkókò pé, Wendell wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Wọ́n ní àwọn ò rí ìwà àìtọ́ kankan lọ́wọ́ ẹ."

"Máàkì ńkọ́?"

Wendell gbé kọfí tútù náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Bá mi pe ilé ìwé," ni Corinne wí. "Sọ fún wọn kí wọ́n má dúró dè mí mọ́."