Kíkà Láti Ìsàlẹ̀

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ka àṣìṣe mẹ́rin inú ìwé tuntun kan jáde lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì ni ó fojú fò wọ́n.

"Àwòdì tí kò rí òròmọdìẹ," ni ọ̀gá wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni méjì ní í ṣe é níbẹ̀. Bàbá Olóhùn, àgbàlagbà tó jókòó tì í, á ka ohun tí òǹkọ̀wé fọwọ́ kọ sókè, òun á sì máa fi kálàmù tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lórí èyí tó jáde nínú ẹ̀rọ. Àmọ́ ohùn bàbá dùn. Ìtàn á gbé e lọ, ojú á fo ọ̀rọ̀. Ó bá dá ọgbọ́n mìíràn: ó ń fi rúlà bo ìwé, ó ń dá a kà láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, láti ojú ìwé tó kẹ́yìn wá síwájú, kí ìtàn má baà tàn án.

"Kí ló dé tí o ń fẹ̀yìn rìn?" ni Bàbá Olóhùn bi í.

"Ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn kì í forí gbá ògiri, bàbá."

"Ìdí ni yóò fi gbá a."

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Àṣìṣe tán, ẹnu ọ̀gá wọhò. Síbẹ̀ ara obìnrin náà kò lélẹ̀. Nílé, ó ń ka ọ̀rọ̀ ara páálí ọṣẹ láti ìsàlẹ̀.

"Ọṣẹ ò láṣìṣe," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Jókòó."

Nígbà tó yá, àǹtí rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìtàn ayé rẹ̀ wá.

"Ìwọ ni mo fọkàn tán. Má jẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́."

"Jẹ́ kí n kà á sí ọ létí," ni Bàbá Olóhùn wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá."

Ó dá a kà láti ìsàlẹ̀. Ìwé jáde. Àǹtí ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó tún un ṣí.

"Àkọ́bí mi dà?"

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tó fi kú. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni àǹtí kọ nípa rẹ̀. Ewé méjì nínú ìwé tí àǹtí fọwọ́ kọ ti lẹ̀ mọ́ra lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ, ó sì fo ojú ìwé náà. Ẹni tó bá ń ka ìtàn bọ̀ láti òkè ni yóò mọ̀ pé ó já.

Ojú Àwòdì sáré padà síbi iṣẹ́. Gbogbo ìwé àfọwọ́kọ tí iṣẹ́ bá ti parí lórí rẹ̀, jíjó ni wọ́n ń jó o. Wọ́n ti jó o. Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà sọ́dọ̀ àǹtí.

"Ẹ tún un kọ, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti jókòó ti bébà láti àárọ̀, kò wá mọ́. Ọdún tí mo fi gbé e sọ́kàn ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo ní ó dọwọ́ ìwé, mo sọ ọ́ kalẹ̀."

Àǹtí kò bá a jà. Ó pa ìwé náà dé, ó fi sórí tábìlì.

Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ohun tó sọnù ni ojú ìwé kan, níbi tí àǹtí kọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.