Àwàdà tí Ẹ̀rọ Gbà Gbọ́

Ní ọ́fíìsì kan ní Kàǹpálà, Ssebunya aláwàdà ló ń kọ àlàyé fún ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń ka wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́. Lábẹ́ àṣẹ “dá aago dúró,” tó ń dá kíka wákàtí òṣìṣẹ́ dúró, ó kọ ọ́ pé: “Ẹni tí kò bá tẹ kọ̀ǹpútà ń sùn ni.” Ó rẹ́rìn-ín títí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Ẹ̀rọ gbà á gbọ́. Nakimuli, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ń bẹ oníbàárà lórí fóònù láti àárọ̀ láìtẹ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ bá dá aago rẹ̀ dúró, ó ní oorun ló ń sùn.

“Nakimuli, kó ẹrù ẹ, lọ sùn nílé!” ni ọ̀gá wọn pariwo.

Ìtìjú bo Ssebunya débi pé ó fẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. “Ọ̀gá, Nakimuli kò sùn o. Èmi ni mo fi àlàyé ẹ̀rọ yẹn ṣàwàdà.”

Nakimuli nu ojú. “Aláwàdà, tún àlàyé yẹn kọ, kí o sì kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́.”

Ssebunya tún un kọ, ó sì kà á, ohùn rẹ̀ kéré ju ti eèrà lọ: “Má dá aago ẹnikẹ́ni dúró, àfi tí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti ṣíwọ́.”