Pẹ́pẹ́yẹ Kò Fẹ́ Wúwo

Tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pariwo, ẹ má dá mi lóhùn, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìyá Yàrá ni àwọn ọmọ ń pè mí ní àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjàkadì nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n fi sọ́wọ́ mi. Èmi ni mò ń jí wọn, èmi ni mò ń wo ẹsẹ̀ tó bó àti imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, èmi náà ni mò ń bèèrè pé ta ló gbé aṣọ tútù sórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹnu mi bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ yáa pe nọ́ọ̀sì, àìsàn ti dé nìyẹn.

Àgọ́ náà ní òfin, mo sì fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Àgbà kankan kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ra òun àti ọmọ, ì báà jẹ́ èmi tí mo lè bí ìyá wọn. Ọkùnrin kì í gun àtẹ̀gùn wa láìjẹ́ pé ó kéde ara rẹ̀. Kóòṣì tiẹ̀ máa ń kọrin láti ìsàlẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì burú débi pé ẹni tó ń wẹ̀ á ti wọṣọ tán kó tó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì. Èyí tó wá le jù ni pé a kì í ṣèlérí fún ọmọ pé a ó bá a pa àṣírí mọ́. Tó bá ní kí o má sọ fẹ́nikẹ́ni, o ò gbọdọ̀ ní "ó dáa."

Lára àwọn ọmọ mi lọ́dún yẹn ni àwọn méjì kan tí ìyá wọn jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí ìyá àgbà kan náà tọ́ dàgbà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Èyí ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n náà ni gbogbo àgọ́ ń pè é. Èyí àbúrò, Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n sọ ọ́, torí bó ṣe ń rìn: ìdí lọ sọ́tùn-ún, ìdí lọ sósì. Ṣùgbọ́n tó bá ti dórí máàtì, kò sẹ́ni tó ń rántí pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, nínú yàrá ìyá àgbà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ náà lẹ́bùn.

Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó bá dá gbogbo àwọn yòókù, ló ń tinú ìpín kọ̀ọ̀kan lọ sí ìdíje ńlá lẹ́yìn àgọ́. Pẹ́pẹ́yẹ wà ní ìpín àwọn tó fúyẹ́, Ẹ̀gbọ́n wà ní ìpín tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì ti ń jà lórí ta ni yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì. Ti Ẹ̀gbọ́n ò gbọdọ̀ yẹ̀ o, torí tó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ á ti kọjá ti ìdíje ọmọdé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọn gbogbo wọn, àwọn ọmọ ń sinmi, mò ń kó aṣọ gbígbẹ lọ sí yàrá. Oòrùn ń mú bí ẹni pé wọ́n bú u. Mo rí Pẹ́pẹ́yẹ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wọ súwẹ́tà léra wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ara ẹ lo fẹ́ sè jẹ ni?"

Ó fẹ́ dìde dá mi lóhùn. Orúnkún ẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lù mí. Ẹ gbà mí o! Ọmọ tó ń gbé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣánlẹ̀, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí aṣọ tí mò ń kó. Ètè ẹ̀ ti gbẹ, ó ti bó. Mo lọgun, nọ́ọ̀sì sáré dé, ó bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ẹ̀, ó ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú ọmọ náà wálẹ̀, nọ́ọ̀sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pe dókítà, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Látìgbà wo lo ò ti jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Pẹ́pẹ́yẹ!"

Ó wolẹ̀. Àṣé àwọn tó jókòó tì í ló ń rọ oúnjẹ ẹ̀ fún, èmi sì ń yin abọ́ ẹ̀ pé ó mọ́ tónítóní.

"Ẹ kọ́kọ́ búra fún mi," ó ní, "pé ẹ ò ní sọ fẹ́nì kankan. Pàápàá Ẹ̀gbọ́n mi."

Kí n sọ òótọ́, ó ṣe mí bíi kí n búra. Ọmọ tó bá ń wo ojú ẹni báyẹn, kí la ò ní ṣe fún un? Mo gbé ìbúra náà mì.

"Mi ò lè búra, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tó lè pa ọ́, mi ò lè bá ọ bò ó mọ́lẹ̀."

Ó kọjú sí ògiri. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Gbọ́ èyí tí mo lè ṣe. A ò ní sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ. Ibi tí a bá ti sọ ọ́, o ó wà níbẹ̀, màá di ọwọ́ ẹ mú."

Ògiri náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo ti ń wúwo. Mo fẹ́ làágùn kí ara mi lè fúyẹ́."

"Kí ló wá burú níbẹ̀? Ọmọ tó ń dàgbà ló ń wúwo."

"Tí mo bá tún wúwo díẹ̀ sí i, ìpín Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa gbé mi sí. Ẹnì kan ló sì máa lọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì á jà á nìyẹn."

Ó yíjú sí mi, omi ti kún ojú ẹ̀. "Ìyá, màá dá a. Òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n màá dá a."

Ọmọ yìí gbà kí ebi lu òun pa kí ẹ̀gbọ́n òun má baà ṣubú. Mo fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nu ojú ẹ̀, mo nu tèmi náà.

Nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ pe Kóòṣì; kò pẹ́, orin burúkú yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kóòṣì dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà. Pẹ́pẹ́yẹ di ọwọ́ mi mú pinpin, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kóòṣì họrí.

"Tó bá mà lè fara dà á díẹ̀ sí i, á ṣì wà ní ìpín àwọn tó fúyẹ́ o..."

"Kóòṣì!" Mo kígbe débi pé nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹnu mi ló yọ̀." Ó wojú ọmọ náà. "Èmi ni kí o bínú sí, Pẹ́pẹ́yẹ. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé ọmọ kì í febi pa ara ẹ̀ nítorí ìpín. O ò ní gorí máàtì títí dókítà fi máa ní ó yá. Ìwọ̀n yòówù tí ara ẹ bá wá wọ̀n, ibẹ̀ lo máa jà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

A pe Ẹ̀gbọ́n. Mo ti rò pé tó bá gbọ́ tán, á dì mọ́ ọn. Rárá o! Iná ló sọ.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé mo ní kí o gbé mi pọ̀n ni? O rò pé mi ò mọ̀ pé o lè dá mi? Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀! Kí ni mo wá ń kọ́ ọ fún, kí n lè rí ẹni tí màá máa dá títí ayé?"

Ó já ṣòòrò sílẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tó padà, ìrẹsì àti ẹyin ló gbé dání. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bu ṣíbí kan.

"La ẹnu."

"Mo lè fọwọ́ ara mi jẹ ẹ́."

"Mo ní kí o la ẹnu!"

Bó ṣe ń fún un jẹ ló ń sunkún, èyí tó ń jẹ náà ń sunkún. Èmi àti nọ́ọ̀sì bojú wòta bí ẹni pé a ò rí wọn.

Dókítà ní kí Pẹ́pẹ́yẹ sinmi, kó máa jẹun, kó máa mumi. Nítorí ẹ̀, Kóòṣì sún ìjà ìpín náà síwájú di ọjọ́ tí àgọ́ máa parí. Nígbà tí dókítà ní ó yá, tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìpín Ẹ̀gbọ́n náà ló bọ́ sí. Àwọn méjèèjì ló sì dá gbogbo àwọn tó kù, tó fi ku àwọn nìkan.

Wọ́n dì mọ́ra lórí máàtì, mo sì rí i kedere pé Pẹ́pẹ́yẹ ń fọwọ́ rọra mú un. Ẹ̀gbọ́n dá ọwọ́ dúró, ó sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo wa gbọ́:

"Tóo bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún mi, èmi àtìẹ ò ní sun bẹ́ẹ̀dì kan náà mọ́ láyé."

Pẹ́pẹ́yẹ mí kanlẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wọ abẹ́ apá Ẹ̀gbọ́n, ó gbé e, ó fi ẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀ gbàà. Ìjà parí. Pẹ́pẹ́yẹ dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo ti dìde, mi ò mọ èwo nínú wọn ni kí n sáré lọ bá.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì dìde. Ó gbórí sókè díẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín ti dàpọ̀ mọ́ ọn lójú, ó wá mi láàárín èrò títí ó fi rí mi.

"Ìyá Yàrá!" ó ké. "Ẹ wá wo agbára o! Ọmọ yìí ti jẹun!"