Ojú Kan Tó Kù fún Òjòlá Bàbá

Nígbà tí Ògúnṣẹ̀yẹ kú ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní ìparí òjò ọdún 1968, òjòlá rẹ̀ nìkan ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ẹkúndayọ̀, gbé kúrò nínú ilé. Òjòlá náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ bàbá. Òun ni kì í jẹ́ kí eku ba kòkó gbígbẹ jẹ́ nínú yàrá. Kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ, orí itan bàbá ló sì máa ń sùn. Adélé ni wọ́n ń pè é.

Mọ́rìnọ́lá, àkọ́bí bàbá, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi gbé e lọ gan-an nìyẹn. Lójú èrò ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti sọ pé, "Ẹ wá àga fún àlejò wa láti Òṣogbo." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹkúndayọ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Alekúwodò, ní Òṣogbo, ni Ẹkúndayọ̀ ti ń ránṣọ. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Sikirat, ń gbé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, awọ Adélé ṣú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì funfun bí omi ògì. Ó kúrò ní àyè rẹ̀, ó lọ ká ara rẹ̀ mọ́ ìdí àmù, níbi tí omi ti ń sun sórí iyanrìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ejò yín kúrò nídìí omi tá à ń mu," ni Sikirat wí. "Bí àlejò bá fẹ́ bu omi ńkọ́?"

"Àlejò wo? Ta ló ń yà sílé tí òjòlá wà?"

Àmọ́ ó gbé e. Ó gbà pé òtútù ọyẹ́ ló ń dà á láàmú. Ó tẹ́ òwú sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi òrí pa ejò náà lára láti orí dé ìrù, bí wọ́n ṣe ń pa ọmọdé lára lásìkò ọyẹ́. Ejò tún padà sídìí àmù. Ó tún gbé e, ó fi òrí kún òrí, ó sì gbé òkúta lé ìdérí apẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ò ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín?" ni Sikirat wí. "Àwọn ló mọ̀ ọ́n tọ́jú."

"Kí àlejò máa lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ onílé?"

Ó yẹ kí awọ ejò bọ́ lódindi, bí ìbọ̀sẹ̀ tí èèyàn fà kúrò lẹ́sẹ̀. Ti Adélé ń já wẹ́wẹ́ ni. Òrí àti eruku ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ìpẹ́ tín-ín-rín tó bo ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Ẹkúndayọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìka rẹ̀ tó máa ń tú òwú tó bá ta kókó. Ó gbé orí ejò lé itan, ó fi èékánná hó ti ojú òsì. Ó bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ejò náà kò bù ú jẹ. Ńṣe ló ti orí bọ abẹ́ apá rẹ̀.

Ojú ọ̀tún ló kù. Ẹkúndayọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ láti tún fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé apẹ̀rẹ̀ wọ bọ́lẹ̀kájà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ gbé sínú apẹ̀rẹ̀?" ni obìnrin kan tó jókòó tì í bi í.

"Adìyẹ."

"Adìyẹ yín mọ̀wà hù o. Láti Òṣogbo, kò dún pínpín."

Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, Mọ́rìnọ́lá ṣí apẹ̀rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Kí lo fi pa á lára?"

"Òrí."

"Torí ọyẹ́?"

"Torí ọyẹ́ ni."

"Ojú òsì yìí ńkọ́?"

"Èékánná mi ni."

Mọ́rìnọ́lá kò bú u. Gbogbo ìbínú tí Ẹkúndayọ̀ ti múra sílẹ̀ láti Òṣogbo, kò ríbi lò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ki àpò ìdọ̀họ bọ omi, ó tẹ́ ẹ sídìí àmù, ó sì gbé ejò lé e.

"Omi ló ń wá kiri," ó wí. "Awọ rẹ̀ kì í bọ́ láìsí omi. Gbogbo ọyẹ́ ni Bàbá máa ń da omi síbí fún un."

"Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi."

"Ta lo bi?"

"Ẹ bá mi bọ́ ti ojú ọ̀tún."

"A kì í fọwọ́ bọ́ ọ. Yóò máa gbé ibi tútù títí yóò fi tún pa awọ dà. Bó bá bọ́ nígbà yẹn, yóò ríran. Bí kò bá bọ́, ojú náà ti lọ nìyẹn. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Mọ́rìnọ́lá ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ dé, ó bá awọ tí ejò bọ́ lórí okùn aṣọ, odindi, láti ẹnu dé ìrù, ìpẹ́ ojú ọ̀tún sì mọ́ gaara lára rẹ̀. Ejò wà nídìí àmù, ojú ọ̀tún rẹ̀ ń dán. Ti òsì ti wọnú.

"O lè máa gbé e lọ," ni Mọ́rìnọ́lá wí. "O ti mọ ohun tó ń fẹ́."

Ẹkúndayọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i láti apá òsì. Kò rántí pé ojú òsì kò ríran mọ́. Ejò náà ta kìjí, ó sì sá sẹ́yìn àmù. Ẹkúndayọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ejò kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Èmi lo lè bẹ̀."

Ẹkúndayọ̀ gbé korobá, ó lọ sídìí kànga, ó ń pọnmi títí àmù fi kún. Mọ́rìnọ́lá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ ṣe tán, ó ní ọkọ̀ Òṣogbo kì í pẹ́ kún, ó sì lọ.