Abọ́ Bingo

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní ṣì ń rí mi lára. O mọ̀ pé ajá àwọn tó bá rìnrìn àjò ni mò ń bá wọn tọ́jú. Lójú àlá, àwọn ajá oníbàárà yí tábìlì mi ká, wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti orí pańla. Bingo, ajá tèmi, ró ìró mi, ó ń bu oúnjẹ fún wọn. Mo ní ebi ń pa mí.

Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Mọ̀mí. Àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹun nílé yìí."

Bí mo ṣe ṣẹ́jú, mo ti wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó gbé àjẹkù wọn síwájú mi. Itọ́ inú rẹ̀ ń fà bí ilá, irun kún un, eégbọn kan sì ń rìn létí abọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi jẹ ẹ́. Mo tilẹ̀ ní ẹ ṣé.

Mo jí, mo tutọ́ títí. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Àmọ́ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, Bingo jókòó ti àjẹkù àwọn oníbàárà tí mo bù fún un lálẹ́ àná. Kò fẹnu kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Eégbọn náà ṣì ń rìn létí abọ́.